Orúkọ Tí Omi Ń Jẹ́ Nílé Wa

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Tánkà dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta péré ni mo rí pọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń jò. Síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà, àwọn obìnrin ń wò mí bí ẹni tí oòrùn ti mú lórí. Lwandile tó ń ta gìtá fún wa ló pè mí lórí fóònù. Obìnrin Johannesburg tó ń tẹ àwo orin ti gbà: ọ̀ọ́dúnrún àwo, àwo dúdú ńlá ti àtijọ́, orin mẹ́jọ, tí a bá lè kó gbogbo rẹ̀ fún un kí ó tó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà tí Isibhaxu, ẹgbẹ́ àwa mẹ́ta, ti ń kọrin pọ́ńkì nínú gáréèjì olóore, kò sẹ́ni tó fún wa ju ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Ọlọ́run, ẹ ṣé.

Ọ̀ràn kan ló wà níbẹ̀. Orin tí gbogbo àwo náà dúró lé ni "Amanzi", bí a ṣe ń pe omi ní èdè Zulu, orin omi tí kò wá. Èmi ni mo kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ṣì wà nílé bàbá mi tí ẹnu mi ṣì jẹ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni mo pariwo ọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹrin tí mo ti di makoti, ìyàwó tuntun, nílé yìí, mi ò pè é rí. Bàbá àgbà tó kọ́ ilé yìí, tó jẹ́ bàbá ọkọ fún Màmá tí í ṣe ìyá ọkọ tèmi, Bhekamanzi ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó ilé kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ náà, tàbí èyíkéyìí tó bá jọ ọ́. Nítorí náà amandambi, orúkọ ọ̀wọ̀ tí àwọn ìyàwó ilé fi ń pe omi, ni èmi àti Màmá ń pọn, amandambi là ń mu, amandambi ni kò sí. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè kọ ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀, torí ìwé kò létí. Mi ò tíì sọ fún Lwandile.

Ọjọ́rú, 6

Òjò ńlá láti ìdájí. A gbé gbogbo ìkòkò síta, a gbé ife pàápàá. Màmá ní Ọlọ́run kì í ṣe káńsẹ́lọ̀, kì í béèrè ìbò kó tó rọ̀jò.

Àbámẹ́ta, 9

Ọjọ́ kìíní wa ní Phoenix. Yàrá tí Rishen Pillay ti ń gba orin sílẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún ara mọ́tò ṣe, nítorí náà a ní láti dúró kí wọ́n ṣíwọ́ òòlù kí àwa tó lu ìlù. Mo jáde nílé pẹ̀lú yẹ̀rì àti gèlè bó ṣe yẹ makoti. Ṣòkòtò mi wà nínú àpò gìtá Lwandile. Tí Màmá bá mọ̀, kò sọ.

Phila, onílù wa, nọ́ọ̀sì ni, ibi iṣẹ́ òru ló ti wá, síbẹ̀ ó lu ìlù orin mẹ́rin láì ṣì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo kọ orin káńsẹ́lọ̀ tó gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀rọ omi tí kò ní páìpù lábẹ́. Rishen rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín rẹ̀ fi wọ inú orin, a ní láti tún un gbà. Ìyá rẹ̀ gbé rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn, àti ẹ̀wà aláta wá, ó ní ẹni tó bá máa ké báyìí kò gbọdọ̀ fi ikùn òfìfo ké. Màmá ti kọ́kọ́ bi mí láàárọ̀ pé ta ló gbá wa létí tí àgbàlagbà mẹ́ta fi sọ ara wọn ní Isibhaxu, ìyẹn Ìgbájú. Mo ní ìjọba ni. Ó ní ó dáa, kí a ṣáà má gbá a padà. Lójú ọ̀nà ilé, mo ka àwọn tó ń ṣe mí lóore lọ́wọ́ kan, ọwọ́ náà kò gbà wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ọkùnrin kan ti ń fi pikọ́ọ̀pù ta omi kiri. Ogún ráńdì ni kẹ́ẹ̀gì kan lánàá, ọgbọ̀n ni lónìí. Láti ẹnu ọ̀nà wa a ń wo adágún ńlá tí ìjọba sé sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń tàn yanran. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa tí a kò rí èyí tí a ó dà ńkọ́?

Àbámẹ́ta, 16

Lónìí ló kan "Amanzi". Ìlù lọ, gìtá lọ, ó kan èmi, mo la ẹnu, ohun kan kò jáde. Wọ́n rò pé máìkì ló bàjẹ́. Mo wá jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ilé Màmá, orúkọ bàbá àgbà, ohun tí mi ò lè pè mọ́. Lwandile bọ́ gìtá lọ́rùn.

"Sisi Hlobi, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwọ lo dúró níwájú ọlọ́pàá tó gbé ìbọn, tí ò ń kọrin bú u. Ṣé bàbá arúgbó tó ti kú ló wá dí ọ lẹ́nu?"

"Ọlọ́pàá yẹn kì í ṣe ará ilé mi."

"Orin wa wá ńkọ́? Ará ilé ta ni?"

Ó lọ jókòó sórí táyà níta, ó kẹ̀yìn sí wa. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin ń pọn omi bíi tiwa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí kí ẹnì kan gbọ́ orin wa. Rishen, tí ọ̀rọ̀ náà kò yé rárá, béèrè bóyá a lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀. Mo ní màá wá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 18

Ẹnu ara mi ló kó bá mi.

Mò ń fọ ìkòkò, mo ti ìyàpíìsì bọ etí, mò ń gbọ́ "Amanzi" èyí tí a fi fóònù gbà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, bóyá màá rí ọ̀rọ̀ tó lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Okùn rẹ̀ há sí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó já bọ́. Ohùn mi gba gbogbo ilé ìdáná. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọwọ́ mi tó tó fóònù. Màmá ń mu tíì lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tó gbé ife kalẹ̀.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé kí o tó wọlé yìí ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Kí n tó wọlé ni."

"Ti ìgbà yẹn kò kàn mí. Ọmọ ẹlòmíràn ni ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé orúkọ bàbá ọkọ mi lé orí àwo, tí wọ́n ń yí i kiri ìgboro, kó ẹrù rẹ kí o padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ, kí wọ́n fa ewúrẹ́ ẹ̀bẹ̀ mú ọ padà wá. Mi ò bínú o. Bó ṣe rí ni mò ń sọ fún ọ."

Kò bínú lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní ó bínú ni, màá ti bínú padà. Obìnrin yìí ló jókòó tì mí ní ọsibítù ní oṣù kẹfà tí oyún bọ́ lára mi. Ọjọ́ mẹ́ta, orí àga onígi, kò lọ sílé. Mi ò lè fi ilé yìí sílẹ̀ nítorí orin. Orin náà ńkọ́? Òun ni mo bá wọlé.

Àìkú, 24

Nkanyiso, ọkọ mi, dé láti Richards Bay níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ méjì péré. Mo ro ẹjọ́ fún un, Màmá náà ro tirẹ̀. Ó ní òun wá obìnrin olórí líle fẹ́, òun kò rántí pé òun ti ní ọ̀kan nílé. Kò dá sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó fi rọ́bà yíyọ́ dí kẹ́ẹ̀gì tó ń jò, ó sì fi ọwọ́ pa mí lórí títí mo fi sùn. Ọkọ dáadáa ni.

Ẹtì, 29

Ẹ̀rọ yọ omi fún ogójì ìṣẹ́jú, àwọ̀ tíì. A fi fọ ilẹ̀, a sì dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹwàá

Orin méje ti parí, wọ́n sì dára. Èmi ni mo ń sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má sọ ọ́ fún mi. Ìkẹjọ ló kù. Mo ti dán "páìpù" wò, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ajá. Mo dán "òùngbẹ" wò, Phila ní ó gùn ju ìlù lọ. Lwandile kò bá mi jà mọ́. Ó ń ṣe sùúrù fún mi, ojú sì ń tì mí nítorí sùúrù náà.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo dá nìkan lọ sẹ́yìn ilé, láàárín àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò tó ti tẹ̀, láti pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnu mi kọ̀. Ẹ̀rù Màmá kọ́, Màmá kò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré, ọ̀rọ̀ náà ti di ti onílé lẹ́nu mi. Èmi tí mo ń bú olórí ìlú lórí pèpéle. Mo bínú sí ara mi, mo sunkún díẹ̀, mo lọ jẹ rótì.

Àbámẹ́ta, 14

Kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Lwandile ló dá a lábàá pé kí ìlù nìkan máa dún níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà, kí èmi pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. A gbà á lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó dà bí eyín tó ká. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ooru ti mú mi, èémí mi ti ń tán, mo ti gbàgbé ibi tí mo wà. Mo kọ ọ́ dé ibi tí káńsẹ́lọ̀ ti ń fọ mọ́tò rẹ̀ méjèèjì lójú àwọn ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún Màmá láràárọ̀ ló jáde, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára mi, 'a' iwájú rẹ̀ ti já: mandambi.

Ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ Phila. Lwandile rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó ní makoti pọ́ńkì rèé, ó kù díẹ̀ kó kúnlẹ̀ kí káńsẹ́lọ̀. Ẹ̀rín pa èmi náà. Rishen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dá orin náà padà sẹ́yìn, ó ní kí a gbọ́ ọ.

"Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má sì tíì sọ ọ́ fún mi. Ẹ gbọ́ bí 'nda' yẹn ṣe bọ́ sórí ìlù ńlá. Ti tẹ́lẹ̀, ẹ ń tọrọ nǹkan ni. Èyí, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ilé káńsẹ́lọ̀ yẹn."

Lwandile ní ta ni yóò yé? Ọmọ ogún ọdún wo ló gbọ́ èdè àwọn ìyàwó ilé?

"Ta ló ń pọn omi ní ìgboro yìí?" Phila bi í. "Àwọn tó ń pọn ọ́n gbọ́ ọ."

Lwandile gbé gìtá kọ́ ọrùn. "Tún un pè," ó wí. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ọjọ́ Ajé, 16

Mo kúnlẹ̀ sọ fún Màmá, torí mi ò fẹ́ kó tún gbọ́ ọ látinú fóònù. Ó ní kí n kọ ọ́ kí òun gbọ́. Báyìí ni mo ṣe kọrin pọ́ńkì fún ìyá ọkọ mi nínú ilé ìdáná, gèlè lórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ọ̀fun mi á bàjẹ́, ó sì dìde lọ gé atalẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni mandambi. Ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń pè é. Ìwọ ń fi í ké mọ́ ènìyàn. Ta ni ò ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, mo ní màá rò ó. Kò ní kí n fi í sílẹ̀, kò sì ní kí n máa bá a lọ. Atalẹ̀ náà dára fún mi.

Ẹtì, 20

Phila ti fi díẹ̀ nínú orin náà ránṣẹ́ kiri lórí fóònù, mi ò mọ̀ títí di òní. Tánkà pẹ́ wákàtí méjì. Oòrùn ń jó wa lórí ìlà. Nígbà tí tánkà yọ ní kọ́nà ìsàlẹ̀, MaShezi, aládùúgbò wa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gbé ọwọ́ sókè, ó sì ké "Mandambi" bí mo ṣe ké e gan-an, ohùn tó ya. Gbogbo ìlà dá a lóhùn. Wọ́n tún un ṣe títí tánkà fi dúró. Ẹ̀rín ń pa àwọn ìyá àgbà, àwọn kan ń nu ojú. Awakọ̀ béèrè kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kó délé kó bi ìyàwó rẹ̀.

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ké. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń lu ìdérí garawa, kò sì ṣi ìlù náà.

Ọjọ́bọ̀, 26

Orin mẹ́jọ ti lọ sí Johannesburg, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí a dá. Obìnrin náà ní tí a bá fẹ́ yọ orin kankan kúrò, a ní títí di ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bi í. Màmá kò tíì sọ nǹkan kan, mo sì ti pinnu pé tó bá ní rárá, ìkẹjọ á kúrò. Lwandile mọ̀. Ó ní òun ò ní bá mi jà.

Ẹtì, 3 Oṣù Kọkànlá

Aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn obìnrin ìgboro wa lọ sí ọ́fíìsì Káńsẹ́lọ̀ Mdletshe pẹ̀lú garawa òfìfo. Wọ́n ní kí Isibhaxu wá. Kò sí iná, nítorí náà ìlù kan ṣoṣo ni Phila gbé kọ́rùn, èmi sì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọlọ́wọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì MaShezi yá wa. Màmá wá. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó wá.

A kọ ọ́. Òkè náà gbọ́ wa. Káńsẹ́lọ̀ jáde sórí àtẹ̀gùn, géńdé ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mandambi, mandambi. Kí lẹ ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹ pè é ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Bóyá kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, bóyá ó ń fi wá ṣẹ̀sín. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. MaShezi fẹ́ dá a lóhùn, Màmá di apá rẹ̀ mú. Ó rìn wá síwájú, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo bá a tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ lórí òkè yìí," ó wí. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà nílé rẹ̀, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, mi ò pe ohun tó jọ orúkọ rẹ̀, torí mo bọ̀wọ̀ fún un, òùngbẹ kò sì gbẹ ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ìwọ, kò sí ọ̀wọ̀ tí mo jẹ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀. Amanzi."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná an. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkùnrin náà títí bírò fi kan ìwé. Nígbà náà ni gbogbo obìnrin ké e, amanzi, amanzi, èmi náà sì bá wọn ké e. Mi ò rò ó kí n tó ṣe é. Omi ojú mi ń ṣàn, mo sì ń ké e.

Màmá ṣáájú mi títí a fi délé. Ó fa gèlè wálẹ̀ bo iwájú orí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 4

Ẹ̀rọ ṣì gbẹ. Tánkà méjì ló wá lónìí dípò ọ̀kan, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò tún páìpù ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ó máa wò wọ́n.

Láàárọ̀ Màmá rán mi lọ ra ọtí ọkà bàbà. Ó mú mi wọ ilé róbótó tó wà lẹ́yìn, sí umsamo, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ti lọ sọ̀rọ̀. Ó sun ewé impepho. Ó kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń ro ewúrẹ́ tí bàbá mi máa rà, mo ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Nkanyiso.

"Bàbá," ó wí, ohùn ìsàlẹ̀, "èmi ni mo pè yín lánàá ní gbangba, níwájú àwọn ọkùnrin. Ẹ má bínú sí mi. Makoti yìí náà pè yín. Èmi ni kí ẹ bi, torí èmi ni mo ṣáájú rẹ̀. Nínú orin rẹ̀, kò pè yín rí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin náà dára."

Ó da ọtí sílẹ̀, ó mu díẹ̀, ó gbé igbá náà fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Òun ni ẹni kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ títí tó fi sọ ọ́.

Kò yíjú padà. "Ṣé wọ́n máa ń kọ orúkọ ènìyàn sára páálí àwo yẹn?"

Mo ní wọ́n máa ń kọ ọ́, orúkọ àwọn tí a fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Kọ ti Bàbá sí i," ó wí. Lẹ́yìn náà ó rántí. "Rárá, ìwọ kọ́. Ní kí Lwandile kọ ọ́."